Ìpàdé Àwọn Tó Fẹ́ Jáwọ́ Nínú Ọtí: Bí Ẹni Tó Wà ní Ifẹ̀ Ṣe Lè Rí I

Lẹ́tà méjì wọlé sí mi lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ ọtí ni méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ló kọ ọ̀kan. Ó ti gbọ́ pé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí máa ń ṣe ìpàdé, ó wá ń bi mí bóun ṣe lè rí irú rẹ̀ láìjẹ́ kí gbogbo Ifẹ̀ gbọ́. Ìyàwó ilé kan ló kọ èkejì: ọkọ rẹ̀ ti búra lẹ́ẹ̀mẹta pé òun kò ní mu mọ́, kò sì sí ìbúra tó pé oṣù kan nínú wọn. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dá àwọn méjèèjì lóhùn pa pọ̀, torí ó dá mi lójú pé àwọn mìíràn wà lẹ́yìn wọn tí ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n béèrè.

Ẹgbẹ́ tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA. Ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1935. Bill Wilson, ará New York, ti fi ọtí sílẹ̀ fún bí oṣù márùn-ún nígbà tí òwò gbé e dé Akron. Òwò náà forí ṣánpọ́n, òǹgbẹ ọtí sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́. Ohun tó ṣe ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ó lọ sídìí tẹlifóònù, ó ń wá ọ̀mùtí bíi tirẹ̀ kiri, ẹni tóun lè bá sọ̀rọ̀ kóun má baà padà mu. Wọ́n júwe Robert Smith fún un, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti fẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́. Wọ́n jọ jókòó sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 1935 ni wọ́n ń kà sí ọjọ́ tí Smith mu ọtí kẹ́yìn, ọjọ́ yẹn náà sì ni ẹgbẹ́ ń kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí i: ẹni tó wá ṣèrànwọ́ ló kọ́kọ́ nílò ìrànwọ́. Orí èyí ni gbogbo iṣẹ́ wọn dúró lé.

Ìpàdé náà kò le rárá. Nǹkan bí wákàtí kan ni. Ẹnìkan á darí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á dárúkọ àbísọ rẹ̀ nìkan, á ní ọ̀mùtí lòun, á sì sọ bí nǹkan ṣe rí fóun. Wọn kì í já lu ọ̀rọ̀ ara wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó dákẹ́. Kò sí owó ìwọlé. Apẹ̀rẹ̀ lè yí ká fún owó yàrá, àlejò tí kò bá fi kọ́bọ̀ sí i kò jẹ gbèsè. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kó wu èèyàn láti jáwọ́. Àwọn ìgbésẹ̀ méjìlá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1939 dárúkọ Ọlọ́run, àmọ́ bí kálukú bá ṣe mọ̀ Ọ́n ni, wọn kò sọ ti ìjọ kankan.

Ní Ifẹ̀ níbí, èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ìtàn tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà ni pé Ọbàtálá mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Títí dòní, èèwọ̀ ni ẹmu fún àwọn olùsìn Ọbàtálá. Ṣé ẹ rí i, wọn kì í dá èèwọ̀ yẹn pa mọ́. Gbogbo agbo ló jọ ń pa á mọ́, ta ló sì máa bu ẹmu fún wọn lóde kó ní “gba díẹ̀, kò ní pa ọ́”? Ọkùnrin tó fi bíà sílẹ̀ lánàá kò ní irú agbo bẹ́ẹ̀. Tó bá dé ibi ìsìnkú, wọ́n á bi í bóyá ó ń lo oògùn ni. Tó bá kọjá ní gáréèjì, oníparaga á pè é lórúkọ. Agbo ni ìpàdé yìí fẹ́ fún un.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ní 2020, John Kelly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 27 jọ fún Cochrane, tó kan èèyàn 10,565. Wọ́n rí i pé ìtọ́jú tó ń darí èèyàn sí AA lọ́nà tó létò ń borí àwọn ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n fi wé e, ní ti kéèyàn má fẹnu kan ọtí rárá. Ní ti àwọn nǹkan mìíràn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Kó tó di ìpàdé, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ èyí. Ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Àwọn tó ń ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ yàrá pé kó “gbàgbé ọtí” ń fi ẹ̀mí ṣeré. Ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní OAUTHC nílùú wa níbí. Aro ní Abẹ́òkúta náà ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí ọtí ti di bárakú fún. Ẹ bi wọ́n léèrè ìpàdé níbẹ̀, wọ́n máa ń mọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àṣírí. Láti Ẹnuwá dé Lágere, ta ni kò mọ mọ́tò ta ni? Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ mi, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kóo ti bẹ̀rẹ̀. Ojúlé aa.org ń tọ́ka sí ìpàdé ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Látìgbà Kòrónà ni ìpàdé orí Zoom ti pọ̀ jọjọ: o lè jókòó sí yàrá rẹ kóo wọ ìpàdé tí wọ́n ń ṣe ní London, kóo pa kámẹ́rà, kóo lo orúkọ tó bá wù ọ́. (Wo aago dáadáa o, nígbà òtútù wọn, wákàtí kan la fi ṣáájú wọn.) Má fi ìpàdé kan ṣoṣo dá gbogbo rẹ̀ lẹ́jọ́, torí wọn kì í rí bákan náà, lọ sí bíi mẹ́fà. Tóo bá sì wá rí ẹnìkan ní Ifẹ̀ tó ń bá ọtí jà bíi tìrẹ, ẹ̀yin méjì ti tó. Ìlànà ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni pé ọ̀mùtí méjì tàbí mẹ́ta tó pàdé torí àtijáwọ́ lè pe ara wọn ní AA, bí wọn kò bá ti so ó mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn.

Ìyá wa tó kọ̀wé, ìpàdé tí wọ́n bá kọ “open” sí lára lẹ lè tẹ̀ lé ọkọ yín lọ; èyí tí wọ́n kọ “closed” sí, ti àwọn tó ní ìṣòro ọtí nìkan ni. Ẹ̀yin náà ní tiyín: Al-Anon, tí Lois, ìyàwó Bill Wilson, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1951 fún mọ̀lẹ́bí àwọn ọ̀mùtí. Òun náà ní ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì dìgbà tí ọkọ yín bá gbà láti lọ sí tirẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sí tiyín.