Kí ló dé tí ẹsẹ̀ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá fi ń ṣì í gbá lọ́jọ́ àṣekágbá?

Mítà 11 ló wà láàárín àmì pẹnáritì àti ẹnu ilé, yálà lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ ni o, yálà ní Wembley. Bọ́ọ̀lù kì í wúwo sí i nítorí pé ife ẹ̀yẹ wà nílẹ̀, ẹnu ilé kì í sì í kéré sí i. Síbẹ̀, nígbà tí Geir Jordet, onímọ̀ nípa ìrònú àwọn eléré ìdárayá ní Norway, jókòó wo àwọn pẹnáritì tí wọ́n fi yanjú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ní Ife Àgbáyé àti àwọn ìdíje ńlá mìíràn, ó rí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù tí agbábọ́ọ̀lù fẹ́ gbá ló máa sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di olúborí, ó ju 90 lọ tó ń wọlé nínú 100. Bó bá jẹ́ pé àìwọlé rẹ̀ ló máa lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé, iye náà já wálẹ̀ sí nǹkan bí 60. Ibi tí ọkàn ń wò ló yàtọ̀: ọ̀kan ń wo ohun tó fẹ́ jẹ, èkejì ń wo ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jordet wo ìṣesí wọn náà. Ẹni tí jìnnìjìnnì bá bò máa ń kẹ́yìn sí aṣọ́lé lẹ́yìn tó bá gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, rẹfirí ò sì ní tíì fọn fèrè tán tí yóò fi sáré lọ gbá a, àfi bíi pé kí ọ̀rọ̀ náà ṣáà ti parí. Àwọn agbábọ́ọ̀lù England wà lára àwọn tó ń kánjú jù lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé kó tó di ọdún 2018, ẹ̀ẹ̀meje ni England ti bá ara wọn nídìí irú pẹnáritì yìí ní Ife Àgbáyé àti ìdíje Yúróòpù, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n borí.

Èrò tó wọ́pọ̀ láàárín wa ni pé àbínibí ni ọkàn akin, pé ẹni tí Ọlọ́run bá fún láyà ló ní in. Mi ò rò bẹ́ẹ̀, ìwádìí náà ò sì gbè é lẹ́yìn. Ẹ̀rù ń ba ẹni tó borí, ó sì ń ba ẹni tó pàdánù. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun tó ya olúborí sọ́tọ̀ ni pé ó ti mọ ohun tí yóò máa wò nígbà tí ẹ̀rù bá dé, ẹnìkan sì ti bá a gbé lára ẹrù náà kó tó dé orí pápá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara kò farasin. Adrẹnalíìnì á dà sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á làágùn, ẹnu á gbẹ, iṣan á le. Nǹkan wọ̀nyí kò burú fúnra wọn. Sárésáré tí ara rẹ̀ bá tutù jù nídìí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ kò ní lọ jìnnà. Láti ọdún 1908 ni Robert Yerkes àti John Dodson ti fi eku ṣe ìdánwò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n rí i pé ìtanijí níwọ̀nba a máa mú kí eku tètè mọ nǹkan, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá ṣòro tí ìtanijí sì pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ á dojú rú.

Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ gan-an wà lókè, nínú orí. Sian Beilock, onímọ̀ ìrònú tó di ààrẹ ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò kan tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Wọ́n ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa fi ẹsẹ̀ darí bọ́ọ̀lù gba àárín àwọn àmì tí wọ́n tò sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí wọ́n máa sọ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó kan bọ́ọ̀lù. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí wọ́n máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè sí wọn létí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bọ́ọ̀lù ṣe dáadáa nígbà tí wọ́n ń ronú nípa ẹsẹ̀ wọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá, ẹsẹ̀ wọn ni ìrònú náà fà sẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n yára. Kódà nígbà tí wọ́n ní kí àwọn ọ̀jáfáfá wọ̀nyí lo ẹsẹ̀ tí kò mọ́ wọn lára, wọ́n tún padà dà bí akẹ́kọ̀ọ́: ìrònú tún ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ohun tí ara ti mọ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró lé e lórí. Bí onílù dùndún bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ kan awọ, kò ní pẹ́ tí ìlù náà yóò fi ya. Ohun tí ìnira ńlá sì ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn: ó máa ń mú kí ọ̀jáfáfá dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ wá ronú sí ohun tí ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ń ṣe. Ẹ lọ wo ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú yòówù. Ọmọ náà ti wà nídìí ìlà, ọ̀gá rẹ̀ sì ń pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé kó gbé orúnkún sókè, kó na ọwọ́, kó má wẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló nílò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ìdánrawò ló sì yẹ kó gbọ́ ọ. Ẹni tó ti fi ọdún márùn-ún sáré nílò kí wọ́n dákẹ́ fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá iṣẹ́ náà mu ti tó.

Gareth Southgate ni mo rò pé ó fi gbogbo èyí hàn jù, nítorí pé ó jẹ nínú ìyà náà, ó sì padà wá ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní June 1996, ní ìdíje Yúróòpù ní Wembley, òun ló gbá pẹnáritì England tí Andreas Köpke ti Jámánì mú, ni Jámánì bá lọ sí àṣekágbá. Kò pẹ́ tó fi ṣe ìpolówó písà lórí tẹlifíṣọ̀n, tó da àpò bébà borí nítorí ìtìjú. Ẹni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fi tẹ̀ lé e kiri.

Nígbà tó kó England lọ sí Rọ́ṣíà ní 2018, kò gbà pé oríire ni pẹnáritì. Oṣù mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ti ń fi í dánra wò. Wọ́n ń gbá a nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń kọ́ bí a ti ń rìn láti àárín pápá dé ibi àmì, nítorí pé ìrìn yẹn ni ẹ̀rù ti ń rí àyè. Wọ́n sọ fún wọn pé fèrè kì í ṣe àṣẹ láti sáré. Kí oníkálukú mí kanlẹ̀, kó gbá a nígbà tó bá ṣe tán. Jordan Pickford tó jẹ́ aṣọ́lé ló ń gbé bọ́ọ̀lù lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kí ọ̀tá má baà rí i fi ṣeré. Akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ ló yan àwọn tí yóò gbá a. Kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló láyà. Ní Moscow, ní July 3, Jordan Henderson kò rí tirẹ̀ gbá wọlé, síbẹ̀ England fi 4-3 borí Colombia. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa borí pẹnáritì ní Ife Àgbáyé.

Ó wu èèyàn kí ìtàn náà parí síbẹ̀, àmọ́ kò parí. Ní July 11, 2021, England àti Ítálì bá ara wọn nídìí pẹnáritì ní àṣekágbá ìdíje Yúróòpù. Southgate mú Marcus Rashford àti Jadon Sancho wọ pápá nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí àkókò àfikún parí, tí ẹsẹ̀ wọn ò tíì mọ koríko náà. Rashford gbá tirẹ̀ mọ́ òpó, Gianluigi Donnarumma, aṣọ́lé Ítálì, mú ti Sancho, ó sì mú èyí tó kẹ́yìn, ti Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London. Ọmọ ọdún 19 ni Saka, kò sì tíì gbá pẹnáritì kankan rí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwọn àgbà. Lójú tèmi, àṣìṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ni. Southgate náà ò jà á níyàn: alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló ti sọ pé òun lòun yan wọ́n, òun ni kí wọ́n bi. Ó dára tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́, èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kún orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Saka ò sá fún pẹnáritì. Ní April 2022 ó gbá ọ̀kan wọlé fún Arsenal nígbà tí wọ́n pàdé Manchester United. Ní April 2023 ó pàdánù òmíràn níwájú West Ham, ó sì tún ń gbá a lọ. Nígbà tó fi máa di July 6, 2024, ní ìdíje Yúróòpù ní Düsseldorf, òun ló gbá bọ́ọ̀lù tó mú England bá Switzerland dọ́gba, òun náà sì ni ẹnì kẹta tó lọ sídìí pẹnáritì. Ó wọlé. Gbogbo márààrún tí England gbá ló wọlé. Manuel Akanji, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, nìkan ló pàdánù fún Switzerland: Pickford ti lẹ ìwé mọ́ ike omi rẹ̀ tó fi kọ ìhà tí yóò fò sí bí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn bá dé, ìhà òsì ló sì kọ síwájú orúkọ Akanji.

Ìdánrawò tí ó ní ìnira nínú ni gbogbo èyí dá lé, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ olówó nìkan ló lè ṣe é. Nínú ìwádìí mìíràn tí Beilock ṣe pẹ̀lú Thomas Carr ní 2001, wọ́n kọ́ àwọn èèyàn ní gọ́ọ̀fù. Wọ́n gbé kámẹ́rà síwájú àwọn kan nínú wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí ìdánwò gidi dé, àwọn tí ojú kámẹ́rà ti mọ́ lára kò ṣubú, àwọn yòókù ṣubú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò ní kọ́bọ̀ lè to àwọn ọmọ sí àárín pápá nígbà tó bá ti rẹ̀ wọ́n, kó ní kí ẹnìkan ṣoṣo lọ gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, kí àwọn yòókù máa hó lé e lórí, kí gbogbo wọn sì tún sáré yí pápá ká bí kò bá wọlé. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbàdúrà kó tó gbá a, kó gbà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó máa gbà á bẹ́ẹ̀ nígbà ìdánrawò náà.

Ẹ̀rí wà nílé pé ọkàn akin kì í gbé ara ẹnìkan títí ayé. Nwankwo Kanu tó gbá bọ́ọ̀lù méjì sílé Brazil ní ìparí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4-3 ní Òlíńpíìkì 1996 náà ni aṣọ́lé Cameroon mú pẹnáritì rẹ̀ ní Sùúrùlérè, ní February 13, 2000, ní àṣekágbá Ife Áfíríkà. Ọjọ́ yẹn náà ni bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba lu igi òkè, tó já sẹ́yìn ìlà, tí rẹfirí ní kò wọlé. Títí dòní ni àwọn kan ṣì ń bú rẹfirí náà ní ilé ọtí.

Eré ìje onídènà tilẹ̀ le ju pẹnáritì lọ, nítorí pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti mí kanlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìdènà mẹ́wàá ló wà nínú mítà 100 àwọn obìnrin, mítà 8.5 láàárín ọ̀kan sí èkejì, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré láàárín wọn. Ẹni tó bá ronú nínú rẹ̀ ti kọ lu igi. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba ipò kẹrin ní ìdíje àgbáyé ní Doha ní 2019, ó tún gba ipò kẹrin ní Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021. Ipò kẹrin lẹ́ẹ̀mejì lè ba ayé èèyàn jẹ́. Òun àti Lacena Golding-Clarke, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Jàmáíkà tí òun náà ti sá eré náà rí, ń bá iṣẹ́ lọ. Ní July 24, 2022, ní ìdíje àgbáyé ní Eugene ní Amẹ́ríkà, Amusan sá 12.12 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ó sì fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé. Èèyàn mìíràn ì bá ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tán nínú ayọ̀ ìyẹn. Kò ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ tó fi padà sídìí ìlà, tó sá 12.06 pẹ̀lú atẹ́gùn lẹ́yìn, tó gba góòlù.

Ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024, kò dé àṣekágbá rárá. Ní September 2025, ó padà sí Tokyo fún ìdíje àgbáyé, sí pápá tó ti gba ipò kẹrin yẹn. Ó sá 12.29. Ditaji Kambundji ti Switzerland ló gba góòlù. Amusan gbé fàdákà wálé.