Kí Ni Ó Ń Mú Kí Ilẹ̀ Mì?

Kí ẹ tó ṣí ojú ewé tí a ti ń kí àwọn tí ó bímọ àti àwọn tí ó ṣe ìgbéyàwó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó kan ilé olúkúlùkù wa.

Ẹni tí ó wà ní Mpape tàbí Maitama láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 kò lè gbàgbé. Ilẹ̀ mì tìtì, ògiri gbọ̀n, àwọn ènìyàn sì sá jáde. Àwọn kan ní òpin ayé ni ó dé. Àwọn mìíràn ní àwọn tí ń fọ́ òkúta ni ó fà á. A dúpẹ́ pé a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kú. Ṣùgbọ́n kí ni ó fa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ẹ wo igbá tí ó sán tí a fi okùn rán. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èèpo ayé tí a ń tẹ̀ yìí rí. Kì í ṣe odidi. Ó pín sí awẹ́ ńláńlá, Áfíríkà sì wà lórí ọ̀kan nínú wọn. Àwọn awẹ́ náà ń rìn, ṣùgbọ́n ìrìn wọn kò yá ju bí èékánná wa ti ń hù lọ. Níbi tí wọ́n ti fara kan ara wọn, òkúta a máa há mọ́ òkúta, wọn kò sì ní lè kọjá. Agbára á wá máa kó jọ níbẹ̀, nígbà mìíràn fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ẹni tí ń tẹ igi gbígbẹ: igi ń tẹ̀, ó ń tẹ̀, lójijì ó dá pàù! Ní ọjọ́ tí òkúta náà bá yẹ̀, agbára yẹn a tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, a sì máa tàn ká bí ìgbì odò tí a sọ òkò sí. Nígbà tí ìgbì náà bá dé abẹ́ ilé wa, ilẹ̀ a mì.

Nàìjíríà jìnnà sí etí awẹ́ tiwa. Etí rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn wà láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Ìdí nìyí tí a kò fi rí irú èyí tí ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Turkey ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n sísán àtijọ́ wà nínú àpáta wa. Ọ̀kan tí àwọn amòye mọ̀ dáadáa gba Ìfẹ́wàrà, nítòsí Ilé-Ifẹ̀, lọ sí ìhà Zungeru ní Ìpínlẹ̀ Niger. Bí awẹ́ wa bá ń gba ìtì láti ẹ̀gbẹ́, sísán bẹ́ẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1984, ó sì mì ní Kwoi, ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, ní ọdún 2016. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn lórí ọ̀ràn Mpape tún sọ pé kànga ẹ̀rọ tí ó pọ̀ jù àti àpáta fífọ́ lè dá kún un.

Ẹ má ṣe rò pé kò lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Accra, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì débi pé ọ̀pọ̀ ilé wó, àwọn ènìyàn sì kú. Ilé tí ó wó ni ó sábà máa ń pa ènìyàn, kì í ṣe ilẹ̀ tí ó mì.

Nítorí náà, ẹni tí ń kọ́lé lọ́wọ́, ní Àbújá tàbí nílé, kí ó má ṣe jẹ́ kí bíríkìlà dín sìmẹ́ńtì àti irin kù, kí ó má sì kọ́lé sí abẹ́ àpáta tí ó lè yí lulẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń mì, ẹ wọ abẹ́ tábìlì tí ó lágbára, ẹ fi ọwọ́ bo orí, ẹ yẹra fún fèrèsé onígíláàsì. Ẹni tí ó bá wà níta, kí ó jìnnà sí ògiri àti wáyà iná. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pẹ̀lú.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun mọ ọjọ́ tí yóò tún mì, irọ́ ni ó ń pa. Kò tíì sí amòye tí ó lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà sì ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.