Ọpọlọ Ló Farapa, Ẹsẹ̀ Ló ń Sọ Ọ́

Bí ọmọ bá pé ọdún kan tí kò lè jókòó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le, tí wọ́n sì ń gun ara wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní rọpárọsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àìsàn ọmọ yìí àti rọpárọsẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹsẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ bá mú máa ń rọ jọwọrọ. Èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní cerebral palsy máa ń sábà mú kí iṣan le, nítorí ọpọlọ ló farapa nígbà tó ṣì ń dàgbà, ìbáà ṣe nínú oyún, lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, tàbí nígbà tí ọmọ ṣì kéré jọjọ. Kò ràn. Ìyá ọmọ kọ́ ló sì jẹ̀bi.

Bí ọpọlọ bá pé, á ní kí iṣan kan fà, á sì ní kí èkejì dẹ̀. Bí ibi tó ń kó iṣan níjàánu bá bàjẹ́, iṣan á máa fà láìdẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ẹṣin tí ìjánu rẹ̀ já lọ́jọ́ tí wọ́n ń gẹṣin ọdún ní Ìlọrin mọ̀ pé agbára kọ́ ni ẹṣin náà kò ní.

Lọ́dọ̀ wa, ohun tó sábà ń ṣe ọpọlọ ọmọ léṣe nìwọ̀nyí: ọmọ tí kò tètè mí nígbà tí a bí i, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, yírùnyírùn, àti ibà apọ́njú ọmọ tuntun. Èyí tó kẹ́yìn yìí dùn mí jù, torí pé a lè dènà rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá ń wó ju bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe lè kó o dànù lọ, ohun ofeefee tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ tó wó jáde lè wọ ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ibi tó ń bá wa darí bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ń lọ. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa lọ́ fúnra wọn, etí lè di, ọ̀rọ̀ á ṣòro láti sọ, bẹ́ẹ̀ ni làákàyè ọmọ náà lè pé pérépéré. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá ọkùnrin, ni kò ní èròjà G6PD tó nínú ẹ̀jẹ̀. Káńfọ̀ tí a kó sáàárín aṣọ ìkókó lè wó ẹ̀jẹ̀ irú wọn kíákíá. Ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ tuntun.

Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń wo ibà apọ́njú ọmọ tuntun nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n iná ìjọba kì í dúró. Ìdí nìyẹn tí Tina Slusher, oníṣègùn ọmọdé láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Bọ́lájókòó Olúsànyà àti àwọn yòókù fi ta ọ̀rá pàtàkì bí àgọ́ nílé ìwòsàn ní Èkó. Ọ̀rá náà ń sẹ́ ìtànṣán tó lè jó ọmọ kúrò, ó sì ń jẹ́ kí èyí tó wúlò kọjá. Wọ́n dán an wò lára ọmọ 447, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015 pé kò kéré sí iná aláwọ̀ búlúù náà. Wọ́n tún dán an wò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbígbé ọmọ sínú oòrùn lásán ní ẹ̀yìnkùlé kò lè rọ́pò rẹ̀.

Bí ọpọlọ bá ti farapa ńkọ́? Ọgbẹ́ náà kì í gbòòrò sí i, àmọ́ iṣan tí a kò lò lè kúrú, egungun ìbàdí sì lè yẹ̀. Peter Rosenbaum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ontario, Kánádà, tọ́pa ọmọ 657 tó ní àìsàn yìí, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde lọ́dún 2002. Ó tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tí ọmọ á lè fi ara ṣe tó máa ń hàn kó tó pé ọdún márùn-ún. Fún àwọn tí tiwọn le jù, kò tó ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Wíwọ́ra pẹ̀lú òrí tàbí àdí á tu ọmọ lára, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọpọlọ ní nǹkan kan. Ohun tó ń kọ́ ọ ni kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa gbìyànjú ohun tó wù ú, léraléra: kó nawọ́ mú ife, kó yí padà, kó dìde dúró. Oníṣẹ́ físíò (physiotherapist) á fi ọ̀nà hàn, ilé ni iṣẹ́ gan-an wà. Bí ẹni bá fẹ́ lọ bá a láti Malete, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara wà, títí wọ Ìlọrin, owó ọkọ̀ kì í ṣe kékeré. Ìyá tó ń dá gbé ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà pọ̀n kò lè máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Káfíńtà àdúgbò lè fi pákó kan àga onígun tó gbé ẹ̀yìn àti ọrùn ró, kí ọmọ lè jókòó jẹun pẹ̀lú àwọn tó kù. Lórí oúnjẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rọ ọmọ yìí ní ẹ̀kọ ní ìdùbúlẹ̀. Oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ti pa ọ̀pọ̀.

Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́rin tí ọrùn rẹ̀ kò dúró, bí ó bá ṣì ń di ìkúùkù ṣáá ní ọjọ́ orí yẹn, tàbí tó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe gbogbo nǹkan kó tó pé ọdún kan, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò nílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.