Ìbọn Ọ̀pọ̀ Gba Ìka Mi Méjì



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn ará ilé wa sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara. Àgbẹ̀ ni mí, mo sì ń dẹ igbó mọ́ ọn. Ọ̀sí ni ilé mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni ni mo fẹ́ rò. Ọ̀rọ̀ ọjà rírà ni, ọjà ọ̀hún sì ni ìbọn.

Bí ẹ bá rí ọwọ́ òsì mi lónìí, ìka mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí méjì ṣe lọ.

Lọ́dún 2018, ọ̀yà dà mí láàmú lóko. Bí mo bá gbin àgbàdo, wọn á gé e. Bí mo bá gbin ẹ̀gẹ́, wọn á wú u. Mo ní ìwé àṣẹ ìbọn ṣakabùlà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìbọn tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi ti gbó, ìdí rẹ̀ ti là. Mo wá ń wá òmíràn. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀. Ìdílé ọdẹ àgbà kan tó ti dolóògbé ní ìbọn kan tí wọ́n fẹ́ tà, ìbọn àtijọ́ tó nípọn, wọ́n ní ₦75,000 ni wọ́n máa gbà. Ọkùnrin kan tó ń kiri ọjà náà ní tirẹ̀, tuntun gbáà, ó ń dán bí ojú dígí, ₦28,000 péré.

Ìyàwó mi sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé, "Baálé mi, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ má jẹ́ kí dídán yẹn tàn yín." Mo ní kí ló mọ̀ nípa ìbọn? Mo ṣírò owó àgbàdo, mo ṣírò owó ilé ìwé àwọn ọmọ, mo wá rí i pé ₦47,000 ni mo máa fi pamọ́ bí mo bá ra ti onídídán. Mo rà á. Mo tiẹ̀ tún ń yọ̀ pé mo gbọ́n.

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan tí mo yin ọ̀yà kan lẹ́bàá odò, mo kàn gbọ́ ìró kan tí kì í ṣe ìró ìbọn. Nígbà tí èéfín kúrò lójú mi, ọ̀pá ìbọn náà ti là láàrin bí ẹ̀pà, ọwọ́ òsì tí mo fi gbé e ró sì ti di ẹ̀jẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin tó bá mi lọ ló bọ́ aṣọ rẹ̀ tó fi di ọwọ́ náà. Ó dúró ní ẹ̀yìn mi ni. Ká ní ẹ̀gbẹ́ mi ló wà ni, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ilé ìwòsàn, oògùn àti ọkọ̀ tí a fi ń lọ fi ń bọ̀ gba ₦140,000 lọ́wọ́ mi. Ebè tí mi ò lè kọ lọ́dún yẹn kò sí nínú rẹ̀. Ìka méjì kò sì ní iye. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò, ẹ bá mi ṣe é: ta ló ra ìbọn tó wọ́n jù nínú èmi àti ẹni tó san ₦75,000?

Nígbà tí ọwọ́ mi jiná, mo gbé àfọ́kù ìbọn náà lọ bá bàbá àgbẹ̀dẹ kan. Bàbá yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, ó fi èékánná họ ọ̀dà rẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín ìbànújẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, páìpù omi nìyí. Wo ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ bó ṣe là. Omi ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún iná." Mo ní ṣé gbogbo irin kọ́ ni irin ni? Bàbá ní bí gbogbo irin bá jẹ́ ọ̀kan náà, kò ní sí ohun tí à ń pè ní àgbẹ̀dẹ.

Ó wá kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. Agbára tí ẹ̀tù ń ní nígbà tó bá gbiná ní inú ọ̀pá ju agbára omi ẹ̀rọ lọ fíìfíì. Páìpù tó ní ojú ìjópọ̀ lè fara da ìyìn mẹ́wàá, ó lè fara da ogún, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni ojú ìjópọ̀ náà ń rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá sì rò pé bí òun bá rọ ẹ̀tù sí i, ọta á lọ jìnnà sí i, òun náà ń wá wàhálà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdọ̀tí dúdú tí ẹ̀tù máa ń fi sílẹ̀ nínú ọ̀pá: ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, bí a kò bá sì fọ̀ ọ́ nù lọ́jọ́ tí a yìn ín, ìpẹtà á máa jẹ irin náà láti inú wá, nígbà tí ìta rẹ̀ ṣì ń dán. Ìdí nìyí tí dídán kò fi jẹ́ ẹ̀rí kankan.

Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá pé báwo ni èèyàn ṣe wá ń mọ èyí tó dára. Ó ní láyé àtijọ́, wọ́n á di ìbọn tuntun mọ́ igi, wọ́n á so okùn gígùn mọ́ ibi tí ìka ń fà, gbogbo èèyàn á sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri tàbí igi ńlá kí wọ́n tó fà á. Ìbọn tó bá yè é ni wọ́n ń gbé fún oníbàárà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má rò pé ọgbọ́n ará oko lásán nìyẹn o. Àwọn òyìnbó náà ń ṣe é, òfin ni wọ́n sì fi dè é. Ní London, ẹgbẹ́ àwọn tó ń rọ ìbọn gba ìwé àṣẹ ọba lọ́dún 1637. Ní ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀m, ọdún 1672 ni wọ́n dá ilé àyẹ̀wò ìbọn sílẹ̀. Ní Birmingham, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn tí wọ́n kó wá tà ní etíkun wa ti wá, àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn fúnra wọn ló lọ bá ìgbìmọ̀ aṣòfin tí wọ́n fi dá ilé àyẹ̀wò tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1813. Wọ́n á rọ ẹ̀tù tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ sínú ọ̀pá ìbọn, wọ́n á yìn ín níbi tí kò ti ní ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Èyí tí kò bá là, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i lára. Òǹtẹ̀ yẹn ni oníbàárà ń san owó fún, kì í ṣe irin nìkan. Ìbọn tí èmi rà kò ní òǹtẹ̀ kankan, ẹnu ẹni tó ń tà á nìkan ló jẹ́rìí sí i.

Àwọn bàbá wa pàápàá mọ̀ pé irú ìbọn ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di 1893, ìbọn tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn tuntun tí à ń ki ọta sí láti ìdí, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Èkìtìparapọ̀. Gbogbo ẹni tó ka ìtàn ló mọ̀ pé ìbọn wọ̀nyẹn yí ojú ogun náà padà. Ẹ wò ó, wọn ò ní kí olúkúlùkù lọ fi ìwọ̀nba owó ọwọ́ rẹ̀ ra èyí tó bá rí. Wọ́n parapọ̀ ni.

Kí ló wá mú mi kọ ìwé yìí lónìí, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ mi ti jiná tipẹ́? Ẹ̀rù ló mú mi kọ ọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ní Kòrò, wọ́n pa Oníkòrò, Ọba Olúṣẹ́gun Àrẹ̀mú, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrùkù níbi tí àwọn èèyàn ti ń jọ́sìn, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọgbó lọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ìlú lóru ló ń wá ìbọn. Ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà kì í dúró yẹ ọjà wò. Àwọn oníṣòwò burúkú mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kiri.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọkùnrin kan tọ̀ mí wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìkálẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ kan wà nílẹ̀ o, èyí tí ikùn rẹ̀ ń yí, ọta mẹ́fà ló ń gbé. Wọ́n rọ ọ́ níbí ni, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ ò ní nílò kí ẹ máa ki ẹ̀tù mọ́."

Mo nawọ́ òsì mi sí i. Mo ní, "Ọmọ mi, ka ìka yẹn." Ó kà á, ó dákẹ́.

Mo wá sọ fún un pé ohun mẹ́ta ló wà lára ìbọn yẹn tí kò sí nínú owó tí wọ́n dá lé e. Èkíní, ṣakabùlà tí wọ́n fi páìpù ṣe ní ihò kan ṣoṣo, ó gba ìka méjì lọ́wọ́ mi. Èyí tó ní ihò mẹ́fà tó gbọ́dọ̀ bá ọ̀pá dọ́gba géérégé ní gbogbo ìgbà tó bá yí, tí wọ́n sì fi irin tí a kò mọ̀ ṣe, tó sì jẹ́ pé iwájú ojú la ti ń yìn ín, kí ló máa gbà? Èkejì, òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ní in láìjẹ́ pé Ààrẹ fún un ní ìwé àṣẹ. Ẹ̀wọ̀n tó sì wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta, láti ọdún mẹ́wàá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣakabùlà pàápàá ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, ta ló mọ ibi tí ìbọn náà ti dé rí? Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi pa ẹnì kan, ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa rojọ́.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, bí wọ́n bá wá lóru ńkọ́? Ṣé ká kàn máa wò wọ́n ni?" Ìbéèrè yẹn dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni. Mi ò lè sọ fún ọmọ tó ń fi ara rẹ̀ ṣọ́ wa pé kó lọ fọwọ́ lẹ́rán. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín.

Láti Ọ̀sí dé Àràròmí-Ọ̀pìn, láti Ìlọ́fà dé Odò-Ọ̀wá, ẹ jẹ́ ká dá àjọ. Ìbọn ọdẹ méjì tó dájú, tó ní ìwé àṣẹ, tó wà lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n lò, sàn ju ogún páìpù tó lè pa àwọn ọmọ wa kó tó kan ọ̀tá. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú kọ̀ọ̀kan máa yẹ ìbọn gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣọ́nà wò. Èyí tí kò bá dára, kí wọ́n ní kó gbé e sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ olóyè. Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, kó kọ́kọ́ lọ béèrè ọ̀rọ̀ ìwé ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ wa méjèèjì, ẹ bá wa pe àwọn ọlọ́pàá àti àwọn àgbà ọdẹ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń ṣe ní Birmingham láti 1813 kò ju agbára wa lọ.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí kò wọ́n ló burú o. Àdá olówó pọ́ọ́kú wà lóko mi. Bó bá kán, mo máa ra òmíràn. Aṣọ ọ̀pọ̀ bá ya, a ó rán an. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ pé ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ló máa ba olówó rẹ̀ jẹ́, ẹ má ṣe ná an bí ẹni ń ná ata.

Ìbọn ìdílé ọdẹ ọjọ́sí ni mo padà rà. Èmi àti àkọ́bí wọn jọ lọ sí tẹ́ṣàn kí ìwé rẹ̀ tó kúrò lórúkọ olóògbé. Nígbà tí mo fi máa padà dé ọ̀dọ̀ wọn, ₦75,000 ti di ₦90,000. Mi ò ná an. Mo ka owó náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìka mẹ́jọ tó kù mí kù.

 Kí Ọlọ́run máa bá wa ṣọ́ ilé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Àgbẹ̀ kan tó tún ń ṣọdẹ,
Ọ̀sí, ìpínlẹ̀ Kwara.