Ta Ló Kọ́kọ́ So Fáànù Ọkọ̀ ní Dáírẹ́ẹ̀tì?

Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán gangan ni dánfó tí a wọ̀ ti hó ní Kétu, a ò tíì dé Máìlì 12. Bí awakọ̀ ṣe ń wá omi kiri, bàbá àgbàlagbà kan dìde ní ṣọ́ọ̀bù rewáyà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó yọjú wo iwájú ọkọ̀ náà, ó ní, "Ọmọ mi, fáànù oníná kọ́ ló ṣe ọ́. Ẹni tó so ó ló ṣe ọ́."

Mo bọ́ọ́lẹ̀ wò ó. Fáànù Camry tòkunbọ̀ ni wọ́n fi wáyà dè mọ́ rẹdíétọ̀ ọkọ̀ Mazda. Ike tó yẹ kó yí fáànù náà ká kò sí níbẹ̀, nítorí náà díẹ̀ lára rẹdíétọ̀ nìkan ni atẹ́gùn ń gbà kọjá. Wáyà tín-ín-rín kan ló ti ibi kọ́kọ́rọ́ wá, kò sí rílè, kò sí fíúsì: ohun tí wọ́n ń pè ní dáírẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Rọ́bà ara rẹ̀ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ irin. Bẹ́ẹ̀ irú fáànù yìí lè fa iná tó ámpíà 15 tàbí 20.

Ìtàn fáànù oníná tó wà nínú ìwé kò gùn: ẹ́ńjìnì ló ń fi bẹ́líìtì yí fáànù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ́ńjìnì sí ìbú, bíi Volkswagen Golf ti ọdún 1974 àti Toyota Camry ti 1982, bẹ́líìtì ò kọjú sí rẹdíétọ̀ mọ́, iná ló wá ń yí fáànù.

Èyí tó gùn ni àríyànjiyàn tí mo bá ní Òwòdé Onírin, níbi tí mo lọ béèrè ẹni tó kọ́kọ́ so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì. Mọ́káníìkì àgbà kan tó fi Peugeot kọ́ṣẹ́ sọ pé ara 504 ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975. Orí wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù ni fáànù 504 wà, bẹ́líìtì ló ń yí i, àmọ́ mágínẹ́ẹ̀tì ló ń dì í mú. Bí omi bá gbóná, súwíìṣì á fi iná ránṣẹ́, mágínẹ́ẹ̀tì á gbá fáànù mú. Bó bá tutù, á jù ú sílẹ̀. Nígbà tí súwíìṣì bá kú, tí búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń gbé iná lọ bá jẹ tán, ọ̀gá tó kọ́ mọ́káníìkì náà níṣẹ́ kì í wá òmíràn. Á mú fáànù náà le pinpin, kò ní í jáwọ́ mọ́. "Ibẹ̀ la ti kọ́ ọ pé a ò nílò súwíìṣì," ó ní.

Rewáyà tó jókòó tì í ò gbà. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, bẹ́líìtì ṣì ni tiyín." Lójú tirẹ̀, dánfó Volkswagen ló dá a sílẹ̀. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnì dánfó àtijọ́ lára, kò lo omi rárá, àfi lẹ́yìn 1982 tí Volkswagen gbé ẹ́ńjìnì olómi dé: ẹ́ńjìnì lẹ́yìn, rẹdíétọ̀ níwájú, páìpù gbọọrọ lábẹ́ ikùn ọkọ̀. Bí súwíìṣì fáànù bá bàjẹ́, onímọ́tò tó ní owó ojúmọ́ láti san kì í dúró. Á ní kí rewáyà so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́. "Ẹ̀yin rewáyà lẹ ba ọkọ̀ jẹ́ nígbà náà," mọ́káníìkì fèsì. "Ẹ̀yin lẹ yọ tẹmọ́sítáàtì dànù," rewáyà dá a padà.

Rewáyà ni mo gbè, nítorí ti 504 ò ná bátìrì ní nǹkan kan tó pọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́káníìkì náà jẹ̀bi ẹ̀sùn tẹmọ́sítáàtì. Òun ló ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná tó; wọ́n ń yọ ọ́ pé ilẹ̀ wa gbóná jù, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 85 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí kò bá débẹ̀, epo ló ń mu.

Mo fara mọ́ fáànù oníná fún ọkọ̀ tó ń sùn sínú gósíló Ìkòròdú Road. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń rọra yí ni fáànù bẹ́líìtì náà ń rọra yí, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọkọ̀ nílò atẹ́gùn jù. Ti ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó tòmátì wá sí Máìlì 12 láti Òkè Ọya yàtọ̀: ẹrù wúwo, ọ̀nà jìn, bó bá sì bàjẹ́ láàárín igbó, bẹ́líìtì ni wọ́n lè tètè rí pààrọ̀.

Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ìkòsì tó ń tún ẹ́ńjìnì gbé sínú ọkọ̀ ti ń wá wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù oníná báyìí, irú èyí tó wà nínú Prius láti 2009. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Pọ́ọ̀ǹpù bẹ́líìtì máa ń jò, á máa kùn kó tó kú; oníná lè dákẹ́ lójijì, ọkọ̀ tí wọ́n tún tò kò sì ní kọ̀ǹpútà tí yóò ké sí awakọ̀. Kí wọ́n fi iná yí fáànù, pẹ̀lú ike, rílè, fíúsì àti súwíìṣì rẹ̀, kí wọ́n fi omi sílẹ̀ fún bẹ́líìtì.