Lílọ àti Kíkúrò Nínú Àkànlò-Èdè Faransé

Obìnrin oníṣòwò kan wà ní àdúgbò wa ní Òkè-Odò tí ó máa ń lọ ra aṣọ ní Kútọnu. Ó ti san owó sílẹ̀ fún ọkùnrin kan níbẹ̀. Aṣọ kò tíì dé tí ìwé fi ti ilé ọkùnrin náà wá: *Papa nous a quittés dimanche.* Ọmọ obìnrin yìí, tí ó kọ́ èdè Faransé díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, túmọ̀ rẹ̀ pé, "Bàbá kúrò lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Àìkú." Inú bí ìyá rẹ̀. Ó ti fi èsì ìbínú ránṣẹ́ kí ó tó mú ìwé náà wá hàn mí. Mo ní, "Ìyá, ọkùnrin náà kò sá lọ o. Ó ti kú ni."

Bí a bá fi ìwé atúmọ̀-èdè wò ó, ọmọ náà kò jẹ̀bi púpọ̀. Ohun tí wọn kò kọ́ ọ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe *quitter* kò lè ṣe láìgba àbọ̀. Ẹni tàbí ohun tí a fi sílẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí ju ẹni tí ó lọ. "Bàbá ti fi wá sílẹ̀" ni Yorùbá tí ó bá a mu, kò sì sí ẹni tí ilé olókùú ṣe àjèjì sí tí yóò gbọ́ èyí láti ẹnu gbogbo ọmọ ilé tí kò ní bi wọ́n pé kí ló pa á. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin kan ṣoṣo ni ó wí pé *il m'a quittée*, ọkọ ni ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ní ìpilẹ̀, *quitter* jẹ mọ́ títú ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè; títí di òní, ẹni tí kò jẹ gbèsè mọ́ ni à ń pè ní *quitte*. (Oníṣòwò wa kò rí èyí bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.)

*Partir* yàtọ̀. "Pín" ni ó túmọ̀ sí láyé àtijọ́. Láti inú yíya ara ẹni sọ́tọ̀ ni ó ti di "gbéra". *Sortir* ni "jáde". Bí akọ̀wé bá sọ fún ọ pé ọ̀gá òun *est sorti*, o lè jókòó dè é. Bí ó bá ní ó *est parti*, máa bọ̀ nílé. *S'en aller* ni ó sún mọ́ "bá tirẹ̀ lọ": ẹni náà àti ibi tí ó ti ń kúrò wà nínú rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe béèrè èwo ni "lọ" nínú wọn. Kí ó kọ́kọ́ béèrè gbólóhùn tí òun ìbá fi sọ ọ́ ní Yorùbá.

Èyí kò ní ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Lórí tẹlifóònù, *ne quittez pas* kò ju "ẹ dúró ná" lọ, kò sì ní àbọ̀ kankan.

Àdéhùn ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 fi Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ sí ìhà Faransé. Àwọn èèyàn wa níbẹ̀, àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò gba èdè náà lófìfo. Ará Parisi tí wọ́n pè a dáhùn pé *j'arrive*, yóò sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó pè é. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó kọ ẹ̀yìn síni, tí ó ń jáde, ni ó ń wí i, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé "mo ń bọ̀" nígbà tí a ń lọ. Àlejò kì í sì wí pé *je pars* kí ó dìde. Yóò tọrọ ọ̀nà: *je demande la route*. Onílé lè fún un ní ìdajì ọ̀nà péré, èyíinì ni pé kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí ó padà wá.

Obìnrin náà lọ kí àwọn ọmọ olóògbé ní Kútọnu, ó sì tọrọ àforíjì. Nígbà tí ó tọrọ ọ̀nà, ìdajì ni wọ́n fún un; aṣọ tí ó sanwó rẹ̀ kò tíì pé.