Sípíríngì Tó Ń Gbé Òòlù Píánò Dìde

Bí atẹ-píánò bá ń tẹ kíì kan ṣoṣo léraléra, tí ohùn rẹ̀ ń rọ́ wàràwàrà bí òjò orí páànù, òun ni èrò ń pàtẹ́wọ́ fún. Wọn kì í rí atún-píánò-ṣe. Ọ̀pọ̀ tilẹ̀ rò pé kó fa wáyà kí ohùn lè bára mu ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Nínú píánò ńlá tí wọ́n tẹ́ wáyà rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ, iṣẹ́ mìíràn wà lábẹ́ wáyà: sípíríngì 88, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún kíì kọ̀ọ̀kan.

Láyé àtijọ́, kíì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gòkè tán kí ó tó ṣeé tún tẹ̀. Lọ́dún 1821 ni Pierre Érard gba ìwé àṣẹ nílùú London lórí ọgbọ́n tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Sébastien Érard, gbé jáde. Nínú ọgbọ́n yìí, òòlù tó lu wáyà tán kì í já bọ́ délẹ̀. Yóò há sí agbedeméjì. Bí ìka bá ti dẹ̀ díẹ̀, sípíríngì á gbé òòlù náà dìde, igi kékeré tó ń tì í á sì ráyè yọ́ padà sábẹ́ rẹ̀. Kíì ò tíì gòkè tán tí òòlù ti ṣe tán láti tún lù. Henri Herz ló wá mú ètò náà rọrùn sí i.

Ìka ni atún-píánò-ṣe fi ń wọn agbára sípíríngì náà. Á tẹ kíì kí òòlù há, á wá rọra dẹ ọwọ́. Òòlù gbọ́dọ̀ dìde wẹ́rẹ́. Bó bá ta pọ́ún, tí ìka sì gbọ́ gbì, sípíríngì le jù. Òòlù lè lu wáyà lẹ́ẹ̀mejì fún ẹni tó tẹ kíì lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jókòó pa, sípíríngì rọ̀ jù. Ohùn kejì ò ní jáde.

Àgbà ọ̀jẹ̀ kì í sáré fọwọ́ kan sípíríngì ṣá. Ní ìlú ọ̀sà bí Èkó, ọ̀rinrin máa ń mú kí aṣọ tó yí abẹ́rẹ́ oríkèé òòlù ká wú, kó sì dì í mú, sípíríngì tó dára á wá dà bí ọ̀lẹ. Oríkèé ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fi ìkánjú mú sípíríngì le lásìkò òjò, ọyẹ́ ni yóò tú u fó.